Ipò tí Ibi-Iṣẹ́ Wà àti Iṣẹ́ Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé ní Yunifásítì

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí ipò tí ibi-iṣẹ́ wà ṣe ń ran iṣẹ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé lọ́wọ́ tàbí bí ó ṣe ń ṣe ìdíwọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ìwé tí a kò bá rí lórí pẹpẹ kò sàn ju ìwé tí a kò kọ lọ.

Lọ́nà kìíní, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ṣe é kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ilé tí ó sé pa, tí ó gbára lé ẹ̀rọ amúlétutù, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná mànàmáná bá ti lọ, ooru a mú òṣìṣẹ́, ọ̀rinrin a sì mú ìwé.

Lọ́nà kejì, irinṣẹ́ ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń tẹ káàdì atọ́ka. Kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Bí ó bá tẹ ‘Ode’, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọdẹ ni, òde ni, tàbí ọ̀dẹ̀? Gbogbo wa mọ Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò lókìkí lè tipa bẹ́ẹ̀ sọnù. Kọ̀ǹpútà lè tẹ àmì wọ̀nyí lónìí, bí a bá fún òṣìṣẹ́ ní èyí tí a ti ṣètò fún Yorùbá, tí a sì kọ́ ọ ní ìlò rẹ̀.

Lọ́nà kẹta ni àkókò. Ní àwọn yunifásítì wa, a ka olùtọ́jú ilé-ìkàwé mọ́ àwọn olùkọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kí ó tó gba ìgbéga. Síbẹ̀, bí kíláàsì bá parí, tábìlì rẹ̀ kò kúrò níwájú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìwé tí ó rọrùn ni yóò kọ́kọ́ mú; ti Yorùbá a wà nínú páálí ní kọ̀rọ̀.

Ní ìparí, a kò sọ pé kò sí ọ̀lẹ láàárín wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a tó dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi, kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a fi í sí. Kí àwọn aláṣẹ pèsè ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti irinṣẹ́. Kí àwa náà sì yọ̀ǹda ara wa láti bá wọn fi àmì sí orúkọ ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.