Kí Ni Ká Pààrọ̀ Lábẹ́ 504 Àtijọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Bassila àti Manigri, ẹ mọ ọkọ̀ Peugeot 504. Bí kò bá sí ní àgbàlá ẹnì kan ládùúgbò yín, ẹ lè ti rí i lójú títì tó ń bọ̀ láti Savalou àti Bantè, tó gba Manigri àti Bassila kọjá lọ sí Djougou. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọkọ̀ yìí kì í kú. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń kú díẹ̀díẹ̀, tí awakọ̀ lè má tètè mọ̀. Nígbà tí ó bá kú, wọn á ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé mẹkáníìkì: irú èwo ni ká rà?

Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Àwọn ará Faransé dáwọ́ dúró lórí èyí tó ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ṣì ń tò ó fún ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọdé kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ eré ìje ni 504 pẹ̀lú. Ìdíje ọkọ̀ kan wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Safari. Nígbà náà, wọ́n máa ń ṣe é ní àkókò Àjíǹde, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ẹrẹ̀ sì pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ọkọ̀ 404, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n 504, gba ipò kìíní níbẹ̀ ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní ọdún 1975, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún fi 504 onílẹ̀kùn méjì gbà á. Ní ọdún yẹn kan náà, ó gba ti Bandama ní Côte d'Ivoire mọ́ ọn. Bandama yìí kì í ṣe eré o. Ní ọdún 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Ọ̀nà ló borí gbogbo wọn.

Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló ran 504 lọ́wọ́ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wọnú kòtò jinlẹ̀, kó sì jáde, kí ìdí ọkọ̀ má fi bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ra 504 àtijọ́ lónìí lè sọ pé: "Ọkọ̀ ìje ni. Ẹ jẹ́ ká fi irin líle sí i lábẹ́, ká sì gbé e ga, kí ó rí bíi ti Safari." Ṣé ó tọ̀nà? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ná.

Ẹ lọ wo ẹ̀yìn alùpùpù tó wà nílé yín. Ẹ ó rí irin kan tí wọ́n ká bí okùn tí a wé mọ́ igi. Láàárín rẹ̀, ẹ lè rí páìpù kan tí ọ̀pá ń wọ inú rẹ̀. Irin tó ká yẹn ni àwọn mẹkáníìkì wa tó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè ní rẹ̀sọ́. Páìpù náà ni wọ́n ń pè ní amọ́tísọ̀. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pe èkínní ní sípíríǹgì, wọ́n sì ń pe èkejì ní ṣọ́ọ̀kù. Méjèèjì wà níbi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ 504.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Rẹ̀sọ́ ló ń ru ọkọ̀. Bí táyà bá gun òkúta, rẹ̀sọ́ á sún kì. Bí táyà bá sọ̀ kalẹ̀, á nà padà. Ṣùgbọ́n rẹ̀sọ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Bí a bá fi òun nìkan sílẹ̀, á máa fò sókè sódò bí ọmọ tó ń fò lórí ibùsùn. Amọ́tísọ̀ ló ń dá a dúró. Òróró wà nínú páìpù rẹ̀. Pístọ́ọ̀nù kan ń lọ ó ń bọ̀ nínú òróró náà, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára pístọ́ọ̀nù yìí. Àfi kí òróró gba inú àwọn ihò náà kọjá, kò sì lè yára kọjá. Ẹ ti rí irú rẹ̀ nínú odò: bí ẹ bá rọra fa àtẹ́lẹwọ́ nínú omi, omi á yà fún yín, bí ẹ bá fà á pẹ̀lú ìkánjú, omi á le mọ́ yín lọ́wọ́.

Agbára tí ọkọ̀ ìbá fi máa fò yẹn á wá di ooru nínú òróró. Ìdí nìyí tí amọ́tísọ̀ fi ń gbóná gan-an lójú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi páànù òrùlé. Bí ó bá gbóná jù, òróró á fúyẹ́ bí omi, kò sì ní lè dá rẹ̀sọ́ dúró mọ́ títí yóò fi tutù.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní fránkì kan. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má ṣiṣẹ́. Kí àgbàlagbà kan fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, kó sì yọwọ́ lójijì. Bí igun náà bá gòkè, tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tó sì dúró, amọ́tísọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń jó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ti kú. Ẹ tún wo ara páìpù náà. Bí eruku bá ti pò mọ́ òróró lára rẹ̀, ó ti ń jò.

Ọkọ̀ tí amọ́tísọ̀ rẹ̀ ti kú ṣì lè rìn, ewu rẹ̀ sì nìyẹn. Awakọ̀ á sọ pé ó kàn ń mì díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí táyà bá fò kúrò nílẹ̀, kò sí ohun tí bíréèkì lè ṣe, yíyí ìdarí kò sì ní mú ọkọ̀ yà. Bí ọmọ kan bá sáré sọdá títì ní Manigri ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà á pẹ́ kó tó dúró. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú.

Ó yá, ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ká ní ẹ̀yìn ọkọ̀ kan máa ń wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 bí a bá di kílò 30 sí i. Ká ní ààyè tó wà kí irin tó kan irin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Ìgbà kajú dé. Awakọ̀ di àpò kajú 4 sẹ́yìn ọkọ̀, àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 75. 4 × 75 jẹ́ 300. 300 ÷ 30 jẹ́ 10. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 kó tó kúrò nínú oko, ó wá ku sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Ní kòtò àkọ́kọ́, gbàù! Irin ti kan irin.

Awakọ̀ náà wá ra rẹ̀sọ́ tó le ní ìlọ́po méjì, tó jẹ́ pé kílò 60 ló ń mú un wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹrù kan náà yóò mú un wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ààyè 7 á sì kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá já ẹrù sílẹ̀ ní Bassila tó ń padà lọ lófìfo ńkọ́? Rẹ̀sọ́ líle náà kò ní ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́. Gbogbo òkúta ni yóò ta ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ọkọ̀ á máa fò bí ọmọ ewúrẹ́, táyà á sì tún máa kúrò nílẹ̀. Bí amọ́tísọ̀ àtijọ́ bá ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀sọ́ tuntun yìí, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí rẹ̀sọ́ líle ń ta padà pẹ̀lú agbára tó ju èyí tí amọ́tísọ̀ náà lè dá dúró.

Àwọn tó ṣe 504 mọ èyí. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀. Nínú èyí tó gùn, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, tí àwọn onítakisí fẹ́ràn, irin gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, rẹ̀sọ́ mẹ́rin ló sì wà lórí rẹ̀ dípò méjì, nítorí pé ẹrù ni wọ́n fi rò. Ọkọ̀ Safari ńkọ́? Ènìyàn méjì péré ló ń jókòó nínú rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wọn dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà pẹ̀lú ohun èlò tuntun. Amọ́tísọ̀ tí wọ́n fi sí i láàárọ̀, wọ́n lè yọ ọ́ sọnù lálẹ́. Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Pénéssoulou?

Gbígbé ọkọ̀ ga náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ga tó ni ó ṣe ń fì tó ní kọ́nà, pàápàá bí iṣu bá tún wà lórí rẹ̀. Rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì lọ síbi táyà lè nà jù, kó sì já. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun ga díẹ̀ nítorí ọ̀nà oko kò ṣẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta tó o; ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹwà lásán ni, lójú tèmi.

Níbo ni ká ti wá bẹ̀rẹ̀? Ibi tí kò wọ́nwó ni: àwọn rọ́bà kéékèèké tó wà níbi tí irin ti so mọ́ irin. Wọ́n ń gbẹ, wọ́n sì ń fọ́. Ọkọ̀ tó ń ró kọkọkọ lè má nílò ju ìwọ̀nyí lọ. Lẹ́yìn wọn ni amọ́tísọ̀, kí a sì rà á ní méjì-méjì, ọ̀tún àti òsì pa pọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá le tí èkejì sì rọ̀, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àlòkù pọ̀ lọ́jà Kútọnu, ṣùgbọ́n amọ́tísọ̀ àlòkù dà bí ẹyin tí a kò tíì fọ́: ẹ kò lè rí inú rẹ̀. Ní tèmi, tuntun tó jẹ́ ti ojoojúmọ́ sàn ju àlòkù ti eré ìje lọ. Rẹ̀sọ́ ló kẹ́yìn. Bí awakọ̀ bá ń ru ẹrù ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, kí ó wá èyí tó le díẹ̀ sí i fún ẹ̀yìn. Bí ènìyàn mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú ọkọ̀ náà, èyí tí Peugeot fi sí i tẹ́lẹ̀ ló dára jù.

Àwọn kan máa ń ki igi tàbí rọ́bà táyà bọ àárín rẹ̀sọ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ má bàa wálẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi iná yọ́ ọ, tàbí kí wọ́n gé e. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi alágbẹ̀dẹ. Ó máa ń fi irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó rí pẹlẹbẹ, rọ ọkọ́ àti àdá. Kó tó lè rọ ọ́, á fi sínú iná títí yóò fi pọ́n, irin tó máa ń ta padà tẹ́lẹ̀ á sì rọ̀, á tẹ̀ síbi tí òòlù bá fẹ́. Ohun tó ṣe é lọ́kọ́ tó dára yìí gan-an ni ó ń ba rẹ̀sọ́ jẹ́.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ohun gbogbo tán, kí awakọ̀ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà lófìfo, kó tún wà á pẹ̀lú ẹrù, kó rọra sáré, kó sì padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tún gbogbo nọ́ọ̀tì mú le.