Daniel Freeman àti Ilẹ̀ Ọ̀fẹ́ Nebraska

Ní ọdún 1862, Abraham Lincoln, Ààrẹ Amẹ́ríkà, buwọ́ lu òfin tí ó fún àgbẹ̀ ní àǹfààní láti gba ilẹ̀ ìjọba tí ó tó 160 éékà. Ẹni tí ó bá gbà á yóò san owó ìforúkọsílẹ̀ díẹ̀. Yóò kọ́lé, yóò dáko, yóò sì gbé ibẹ̀ fún ọdún 5 kí ilẹ̀ náà tó di tirẹ̀.

Ọjọ́ kìíní ọdún 1863 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni Daniel Freeman forúkọ sílẹ̀ ní Brownville, ní Nebraska. Ìtàn sọ pé òru ni akọ̀wé ṣí ọ́fíìsì fún un, nítorí pé ó ń kánjú padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun. Lẹ́bàá ìlú Beatrice ni òun àti Agnes, aya rẹ̀, ti gbin àgbàdo, àlìkámà àti igi eléso. Ní 1869, ó gba ìwé ilẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Òótọ́ ni pé Freeman ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Otoe àti Missouria ni wọ́n ni ín kí àdéhùn ọdún 1854 tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó di 1881, a kó wọn lọ sí ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Oklahoma.

Ní 1936, ìjọba sọ oko Freeman di ibi ìrántí. Òógùn rẹ̀ ni ó sọ pápá di oko. Àdánù àwọn onílẹ̀ ni ó sọ ilẹ̀ di ọ̀fẹ́. Apá méjèèjì ni ó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ ọmọ.