Seagate àti Western Digital: Èwo lèèyàn lè kówó ọjọ́ alẹ́ fún nínú wọn?

Gbogbo ayé ló ń kó ẹrù sínú kọ̀ǹpútà, ẹrù ọ̀hún ò sì dín kù. Fọ́tò ìgbéyàwó, fíìmù, ìwé báǹkì, orí hard disk ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń sùn sí. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi gbà pé ẹni tó bá ra ṣíà àwọn tó ń ṣe hard disk, tó sì gbé e pamọ́ fún ogún ọdún, ti rówó ọjọ́ alẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ o.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ yìí pọ̀ lọ súà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń gbé ara wọn mì títí tó fi ku mẹ́ta péré: Seagate, Western Digital àti Toshiba ti ilẹ̀ Jàpáàn, Toshiba sì ti kúrò lọ́jà ṣíà láti oṣù Kejìlá, 2023. Ẹ wo Seagate ná. Alan Shugart àti Finis Conner wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1979. Conner kúrò níbẹ̀, ó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di 1996, Seagate ra ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n yọ Shugart alára nípò. Ẹ ò rí nǹkan!

Western Digital náà rí tiẹ̀. Ní 2011, omíyalé kún ilé-iṣẹ́ ẹ̀ ní Thailand. Omi ò wọ ti Seagate, ni hard disk bá gbówó lórí, lọjà bá bọ́ sí Seagate lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dun àwọn onípìn-ín jù ni ti SanDisk tí Western Digital rà ní 2016, owó tó lé ní bílíọ̀nù 15 dọ́là. Gbèsè gun gbèsè, owó flash tí SanDisk ń ṣe sì ń já wálẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, 2020, Western Digital ò san owó èrè fáwọn onípìn-ín mọ́. Ẹni tó ti fi owó yẹn ṣètò ìfẹ̀yìntì, ibi tó ti fẹ́ ná an ló kù ú sí.

Seagate dá owó èrè dúró ní 2009 lóòótọ́, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà ní 2011, kò tíì já a. Ó san án lọ́dún 2023 pàápàá, nígbà tí àwọn ńláńlá tó ń ra hard disk dáwọ́ rírà dúró kí wọ́n lè lo èyí tí wọ́n ti rà, tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì pàdánù. Ọdún yẹn náà nìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 300 dọ́là fún un, torí pé ó ta hard disk fún Huawei.

Ní oṣù Kejì, 2025, Western Digital ya SanDisk sọ́tọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó èrè padà lọ́dún yẹn kan náà. AI wá gbé ṣíà gbogbo wọn sókè lọ́dún ọ̀hún, tí kálukú ń sáré rà á.

Ẹni tó bá ń wá owó èrè tí kì í já, ti Seagate ló sàn díẹ̀. Àmọ́ kó kọ́kọ́ wo ìwé ìṣirò rẹ̀ ti 2023: gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà ju gbogbo ohun-ìní rẹ̀ lọ.