Kí Sítíárìn 504 Lè Tún Máa Bá Ọwọ́ Sọ̀rọ̀

Ohùn kan tó wọlé sórí WhatsApp wa láti Ifọ́n ló bí ètò tòní. Ifọ́n ti ìpínlẹ̀ Oǹdó ni o, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Benin, kì í ṣe ti Ọ̀ṣun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi fi Pijó 504 sílẹ̀ fún mi. Sítíárìn rẹ̀ dẹ̀, ó sì tún wúwo. Tí tírélà bá ń bọ̀ níwájú, àyà mi á máa já. Mẹkáníìkì kan ní kí n jẹ́ kóun jó páwà sítíárìn tókunbọ̀ ti Toyota mọ́ ọn. Ṣé kí n gbà?”

Mo ní kó má tíì gbà. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló kan 504 kan ọkọ̀ eré. Ẹ má fojú kábúkábú nìkan wò ó. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé e jáde, ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna. Lọ́dún 1975 yẹn náà, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kẹ́ńyà, nínú eruku àti ẹrẹ̀. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 Coupé onílẹ̀kùn méjì gbà á. Ọkọ̀ tó ṣe irú ìyẹn, sítíárìn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Rack ni irin gígùn eléyín kan tó dùbúlẹ̀ níwájú ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn, jíà kékeré tó wà nídìí ọ̀pá rẹ̀ á ti irin yẹn sósì tàbí sọ́tùn-ún, táírọ́dù méjèèjì á sì fa taya tẹ̀lé e. Ọ̀nà kan náà ni ìròyìn ń gbà padà wá: tí taya bá gun òkúta, tàbí tó fẹ́ yọ̀ lórí iyanrìn, ọwọ́ yín á ti gbọ́ kí ojú tó rí i. Adùn sítíárìn nìyẹn. Kì í ṣe kó ṣáà fúyẹ́. Sítíárìn lè fúyẹ́ bí òwú kó má sì sọ nǹkan kan fún yín.

Ohun tó ń gbé ìròyìn yẹn mì ni oríkèé tó ti gbó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnìkan máa mi sítíárìn díẹ̀ sósì sọ́tùn-ún, kí ẹ̀yin fọwọ́ kan táírọ́dù kọ̀ọ̀kan lóríkèé. Èyí tí apá kan rẹ̀ ń mì kí apá kejì tó tẹ̀ lé e, ó ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ fi irin tó dúró ṣinṣin tì í lábẹ́ (jáàkì nìkan ò tó, ẹ̀mí ni o), ẹ di taya mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Tó bá ń dún kú-kú-kú, bíárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni.

Ibi tí wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́ jù ni rack fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tààrà la máa ń rìn jù, nítorí náà eyín àárín ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Mẹkáníìkì tó bá rí i pé ó dẹ̀ á fún un pọ̀ mọ́ jíà, ìdẹ̀ náà á sì lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yí i dópin: eyín ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ á há. Tẹ́ ẹ bá yí po ráńdábáòtù, sítíárìn ò ní dá padà fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ̀yin lẹ máa fà á padà. Tí àárín bá ti jẹ jù, rack mìíràn ló kù, kì í ṣe sípánà. Kó má baà débẹ̀, ẹ máa wo rọ́bà tó bò ó lápá méjèèjì. Tó bá ti ya, eruku pupa wa àti omi òjò á wọlé, gíríìsì á di iyanrìn. Owó rọ́bà yẹn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rack.

Ó yẹ kí n ti sọ ti taya ṣáájú, torí òun ló rọrùn jù. Ẹ má kàn sọ fún fọkanáísà pé “kún un”. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Taya iwájú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré á mú sítíárìn wúwo. Èyí tó le jù á máa ta kiri lórí kòtò. Taya fífẹ̀ àti sítíárìn kékeré tí wọ́n ń tà bíi ti ọkọ̀ eré, méjèèjì ń fi kún ìwúwo ni. Station wagon tó kó iṣu wá sí Ọ̀wọ̀ náà ńkọ́? Ìdí rẹ̀ á wálẹ̀, imú á gbéra sókè, sítíárìn á wá fúyẹ́ bíi pé taya ò kan ilẹ̀. Ẹrù ló fà á, rack ò ṣẹ̀.

Alignment ló kẹ́yìn. Ẹni tó ṣe é kó tó pààrọ̀ ohun tó gbó ti sọ owó nù.

Ní ti páwà, ọ́ìlì tó ń fi agbára ti rack máa ń gba ìwúwo, kì í gba ìdẹ̀. Táírọ́dù tó gbó á ṣì wà níbẹ̀, á kàn fara pamọ́ ni. Rack ọkọ̀ mìíràn tí gígùn àti ibi ìsokọ́ rẹ̀ ò bá 504 mu tún lè mú kí ọkọ̀ máa yà fúnra rẹ̀ tó bá bọ́ sí kòtò. Èyí tó sì bà mí lẹ́rù jù ni “jó o mọ́ ọn” yẹn. Tí ọ̀pá sítíárìn tí wẹ́dà jó bá já lórí ìrìn, kò sóhun tó kù lọ́wọ́ yín ju nǹkan róbótó lásán.

Arákùnrin Ifọ́n ti padà fi ohùn ránṣẹ́. Táírọ́dù ọ̀tún ló gbó, rọ́bà rack ti ya, afẹ́fẹ́ taya iwájú méjèèjì ò sì dọ́gba. Rack ṣì dáa. Ó ní ó ṣì ń wúwo tóun bá ń páàkì. Bí 504 tí kò ní páwà ṣe rí nìyẹn, àbúrò: jẹ́ kí taya máa yí díẹ̀ ná, kó o tó yí sítíárìn.