Kébù Kan, Báǹdì Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Yí Áńtẹ́nà Wáyà Sí Ojú Rẹ̀

Àwa tí a dàgbà sí Jíkwóyí, nílẹ̀ Àbújá, a kò mọ ìlù lù, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé onídùndún ní láti fún ọsán kí ohùn tó jáde bó ṣe fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni áńtẹ́nà àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Nígbà ìsinmi, àwa mẹ́ta bá ọ̀gá wa kan ta wáyà bàbà sókè ilé rẹ̀. Òun ló ní ìwé àṣẹ NCC, òun nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀. Tiwa ni ká máa gun àkàbà. Wáyà náà gùn tó 20 mítà. A gé e sí méjì lọ́gbọọgba, a so kébù mọ́ àárín. Lórí 7.1 MHz, ọ̀rọ̀ ń lọ geere. Nígbà tí a bọ́ sí 14.2 MHz, nǹkan dàrú. A yá túnà, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n wálẹ̀, inú wa dùn. Síbẹ̀, a pè títí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Kí ló fà á? Ẹ fi iye MHz pín 143, ẹ ó rí iye mítà tí wáyà gbọ́dọ̀ gùn: nǹkan bí 20 fún 7.1, nǹkan bí 10 fún 14.2. Wáyà tó bá 7.1 mu kì í fẹ́ gba agbára láti àárín ní 14.2. Agbára náà á máa lọ, á máa bọ̀ nínú kébù, púpọ̀ á sì di ooru. Túnà ẹ̀gbẹ́ rédíò kàn ń fi rédíò lọ́kàn balẹ̀ ni. Kò yọ àdánù inú kébù kúrò.

Ọ̀nà àbáyọ rèé: ẹ so oríṣi wáyà méjì mọ́ ojú kébù kan náà. Kí ti gígùn jẹ́ 10 mítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ti kúkúrú jẹ́ 5. Ẹ ya òpin wọn sọ́tọ̀. Agbára á gba èyí tó bá a mu. Ti gígùn á tún ṣiṣẹ́ nítòsí 21 MHz, nítorí 7 lọ́nà mẹ́ta ni.

Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ gùn jù díẹ̀. Ẹ wọn ti gígùn ṣáájú. Bí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀ jù lọ ní 7.02 dípò 7.1, wáyà ti gùn jù. Ẹ ṣẹ́ ẹ kò sẹ́yìn díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ti kúkúrú, kí ẹ padà yẹ ti gígùn wò, torí wọ́n ń ran ara wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; wáyà tí a gé sọnù kì í gùn mọ́.

Ẹ má ta á sítòsí wáyà iná mànàmáná ojú pópó o! Bí òjò bá ṣú, kí ẹ ti yọ kébù lára rédíò kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹ̀mí la fi ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí a ṣe báyìí, a dá túnà padà fún ẹni tó ni ín. Ọ̀gá wa pè lórí 14.2, wọ́n sì dá a lóhùn láti òkè òkun.