Àwọn Tó Ń Wá Àmì Bàálù Ogun Rí

Nínú páálí tí wọ́n fi ń ta bàálù àwòṣe, ìwé pẹlẹbẹ kan máa ń wà tí àmì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá to bàálù náà tán yóò gé àmì, yóò rẹ ẹ́ sómi, yóò sì rọra fi ìka tì í bọ́ sára apá tàbí ìrù. Àmọ́ àmì bàálù bíi méjì tàbí mẹ́ta péré ni ilé iṣẹ́ ńlá bíi Tamiya àti Hasegawa ti Shizuoka ní Jàpáànù sábà máa ń fi sínú páálí. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn oní-sítíkà kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀: Lifelike Decals ní Jàpáànù, Rising Decals ní ilẹ̀ Czech, Xtradecal ní England. Àwọn ló ń wá àmì àwọn bàálù yòókù rí, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tà.

Ti Jàpáànù ló nira jù. Nígbà tí wọ́n túúbá ní August 1945, àwọn ológun wọn sun ìwé lọ súà. Fọ́tò dúdú-funfun ló ṣẹ́ kù, pupa àti dúdú sì lè jọra nínú wọn. Oní-sítíkà yóò gbé fọ́tò lé fọ́tò, yóò ka ìrántí àwọn awakọ̀ òfuurufú, kó tó lè sọ pé bí ìrù bàálù kan ṣe rí nìyí. Òpìtàn ni mo ka irú wọn sí.

Ọ̀rọ̀ náà kan ará Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n ní Èkìtì. Nígbà Ogun Hítílà, abẹ́ Ondo Province ni Èkìtì wà, àwọn ọ̀dọ́ Province náà sì wọ ṣọ́jà, wọ́n dé Bọ́mà, níbi tí wọ́n ti bá Jàpáànù jà. Isaac Fadoyebo láti Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìbọn Jàpáànù bà á lẹ́sẹ̀ ní 1944, àwọn ará abúlé sì fi í pamọ́ fún oṣù bíi mẹ́sàn-án. Àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ni Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò gidi níbẹ̀. Bàálù Dakota ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Òkè ni wọ́n ń wojú rẹ̀ fún oúnjẹ, òkè náà ni ọ̀tá lè gbà yọ.

Bàálù ogun Hayabusa ti ẹgbẹ́ 64 Jàpáànù ń fò lójú ọ̀run Bọ́mà, àwòrán ọfà lára ìrù, róbótó pupa lápá. Pupa wà láàárín àmì bàálù Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Nítorí kí ẹlẹgbẹ́ má baà yìnbọn lu ẹlẹgbẹ́, Gẹ̀ẹ́sì pa pupa yẹn rẹ́ lójú ogun ìlà-oòrùn, ó ku búlúù àti funfun. Oní-sítíkà tó bá fi pupa síbẹ̀ lónìí ti purọ́ mọ́ àwọn tí ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́ àmì náà.

Orúkọ ilẹ̀ wa pàápàá wà nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà ogun náà, £5,000 ni wọ́n dá lé bàálù ogun Spitfire kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi ta ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ. Owó tí Nàìjíríà dá ló mú kí wọ́n pe ẹgbẹ́ 91 ti ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ní “Nigeria”. Ní Hawkinge ní England ní 1942, bàálù DL-Z tí ọ̀gá wọn, Bobby Oxspring, ń wà ní “Nigeria Oyo Province” lára. Àwọn oní-sítíkà ti tẹ orúkọ yẹn jáde, ó sì ti wà lára bàálù kéékèèké nílé àwọn tí kò dé Ọ̀yọ́ rí.

Fọ́tò àwọn ṣọ́jà Bọ́mà lè wà nínú àpótí bàbá àgbà nílé yín. Ẹ jẹ́ kí onífọ́tò ya ẹ̀dà rẹ̀. Bí bàálù bá wà lẹ́yìn wọn, kí ó rí i pé ìrù àti apá rẹ̀ hàn kedere, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó dúró síwájú rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò náà.