Ẹ̀yin Tí Ẹ Ti Jókòó Pẹ́, Ẹ Rọra Sáré



Ọ̀rọ̀ eré sísá la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa lọ ṣàyẹ̀wò ara, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọmọ ọdún 23 ni! Ẹ̀rù bà wá, nítorí bákan náà ni gbogbo wa ń gbé. Láàárọ̀, a jókòó sí kíláàsì. Lọ́sàn-án, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé wa padà. Lálẹ́, a dùbúlẹ̀ ti fóònù. Ká gbé garawa omi kan gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a ó máa mí gúlegúle.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ bàtà kánfáàsì, a sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ká tó yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbẹ́ ti ń gún wa. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi tiro. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ẹ̀bi eré.

Ní 1996, ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K. Ìyá rẹ̀ ló ní lọ́kàn. Ẹ ó kọ́kọ́ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ ó rọra sáré fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, ẹ ó rìn fún 90, ẹ ó máa pààrọ̀ wọn títí ìṣẹ́jú 20 yóò fi pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Díẹ̀díẹ̀ ni eré ń gùn tí ìrìn ń kúrú, títí ẹ ó fi lè sáré fún ìṣẹ́jú 30 láì dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án.

Kí ni ìsinmi wà fún? Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń mọ́ra, ṣùgbọ́n eegun àti iṣan tó so mọ́ ọn kì í yára. Ìgbà tí èémí bá ti ń dán mọ́rán, tí ẹ rò pé ẹ ti di akọni, ìgbà náà gan-an ni ojúgun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Bí ẹ kò bá sì lè bá ẹnìkejì yín sọ gbólóhùn kan parí bí ẹ ti ń sáré, ẹ dẹ ẹsẹ̀.

Jos yìí ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti Èkó lọ. Àwa tí a dàgbà sí Òkè Ọya kò kà á sí, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé yóò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà ọyẹ́, bí eruku bá bo ojú ọ̀run, kí ẹni tí ikọ́ máa ń sé léèémí jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó jẹ́ SS, ẹni tí àyà máa ń dùn, kí ó rí dókítà ná. Bí àyà bá fún yín tàbí òòyì kọ́ yín lẹ́nu eré, ẹ dúró. Ẹ má sọ pé ọkùnrin ni yín. Bí kò bá lọ, ilé ìwòsàn yá.

Ọ̀rẹ́ wa náà rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin báyìí, ó sì ń ṣáájú wa. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, agogo 6 àárọ̀, la máa ń pàdé létí pápá. Ẹ mú omi dání.